Ọkọ̀ Tó Ń Fẹjọ́ Olówó Rẹ̀ Sùn

Ká ní ẹnu ni wọ́n fi ń wakọ̀, kò sí awakọ̀ tó lè bá Ọ̀gá Ojú Títì dọ́gba. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn. Ó ní ogún ọdún lòun ti ń wakọ̀ láìha nǹkan kan lára. Àwọn ògiri tó ti ha kò kúkú lẹ́nu tí wọ́n fi máa sọ tiwọn.

Ó wá ra ọkọ̀ funfun kan, irú èyí tó máa ń bá àwọn ọkọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà. Ẹni tó tà á fún un ṣàlàyé pé bí ọkọ̀ kan bá tẹ búrékì lójijì tàbí tó bá ń rìn ségesège, yóò ta àwọn tó wà nítòsí lólobó kójú wọn tó rí i. Ọ̀gá ní agbójúlé-ẹ̀rọ ló ń fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Ojú ẹsẹ̀ ló pa ohùn rẹ̀. Pé ẹ̀rọ náà á ṣì máa ta àwọn ọkọ̀ yòókù lólobó, kò dúró gbọ́ ìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ́ lọ fi ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ han àwọn òbí ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá ọmọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọkọ̀ tiẹ̀ náà sì ní irú ẹ̀rọ yẹn. Ọ̀gá ní kí bàbá àti ìyá máa tẹ̀ lé òun, kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Ọmọbìnrin náà jókòó tì í.

Ó ré iná pupa kọjá. Ó yà láìtan iná tó ń fi ibi tó ń yà sí han. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, kọ́nà ń bẹ níwájú.

“Ojú tó ti rí ọ̀nà márosẹ̀,” ni Ọ̀gá wí, “kò ní rí kọ́nà kó bẹ̀rù.”

Tírélà kan ti kú sẹ́yìn kọ́nà náà. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni Ọ̀gá fi tẹ búrékì. Ọkọ̀ yí bírí, ó kimú bọ kòtò, ó na ìdí sókè. Kò sẹ́ni tó fara pa, àmọ́ nígbà tó rántí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sáré bojú wẹ̀yìn.

Bàbá ti dúró jẹ́jẹ́ kó tó dé kọ́nà.

Ọ̀gá gbọn ṣòkòtò, ó dá tírélà lẹ́bi, ó yin ara rẹ̀ díẹ̀, ó wá béèrè ohun tó jẹ́ kí bàbá mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n dúró.

“Ọkọ̀ rẹ ló sọ fún wa,” ni bàbá wí.

Ìyá ní ọkọ̀ náà kò tíì dákẹ́ látìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín ìyàngì. Ó ní òun nírètí pé ìyẹn ò ní dí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ́wọ́.

Bàbá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ tiẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ kó wọlé.

“Ìgbà mẹ́rìnlá ni ọkọ̀ rẹ ní ká jìnnà sí ọ,” ló wí. “A ò ní jẹ́ kó sọ ọ́ nígbà kẹẹ̀ẹ́dógún.”