Bí Ọmọ Ẹtu Ṣe Kọ́ Bíbú Ramúramù

Nígbà tí ẹranko ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, tí ènìyàn ò sì tíì máa hùwà bí ẹranko, Kìnnìún jọba nínú igbó kan. Ìkookò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, dá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Kò sí abiyamọ tí kò fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ wọ ibẹ̀.

Ẹtu mú ọmọ rẹ̀, Tinúadé, lọ. Ìkookò fẹ̀yìn ti àga, ó ṣàlàyé ìlànà wọn.

"Ìyá Tinú, èdè ọba nìkan là ń sọ níbí. Bíbú ramúramù lọmọ yín máa kọ́. Èyí tó bá fọn imú bí ẹtu, ìkarahun ìgbín la ó gbé kọ́ ọ lọ́rùn títí a ó fi ṣíwọ́. Ìwà ará oko ni."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Imú yẹn la fi ń ta ara wa lólobó pé ewu ń bọ̀."

Ìkookò rẹ́rìn-ín. "Ewu wo? Nínú ìjọba kábíyèsí? Tí ọba bá bú, à ń kọ́ wọn kí wọ́n má sá. Kí wọ́n tẹríba, kí wọ́n kí i."

Ojú ti Ẹtu pé òun tilẹ̀ béèrè. Kò pẹ́ tí Tinúadé fi ń fi ohùn tín-ín-rín bú káàkiri ilé. Inú ìyá rẹ̀ dùn ṣìnkìn, ó ń pe àwọn aládùúgbò wá gbọ́.

Ọjọ́ àjọ̀dún ilé-ìwé pé, kábíyèsí sì ni àlejò pàtàkì. Kìnnìún bú, igi mì. Kò sí ọmọ kan tó yẹsẹ̀. Wọ́n tẹríba, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀, kábíyèsí!" Àwọn òbí pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n.

Ẹtu náà ń pàtẹ́wọ́, àfi bó ṣe rí i tí Kìnnìún ń lá ètè, tó ń fọwọ́ kan àwọn ọmọ lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹtu ò mọ ìgbà tó fọn imú.

Tinúadé bojú wẹ̀yìn. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́! Ẹ ń dójú tì mí."

Ẹtu fò síwájú, ó sì fi orí ti ọmọ rẹ̀ wọgbó lọ. Àwọn òbí tó kù pòṣé. Wọ́n ní ará oko ni.

Ọmọ Ìgalà, tó mọ̀ ọ́n bú jù, lọwọ́ ọba wá bà lé. Ìkookò kéde pé ó ti gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láàfin. Ìyá Ìgalà jó títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀.

Tinúadé sunkún títí ó fi sùn, ó ní ìyá òun ti ba ọjọ́ ọ̀la òun jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹtu wọra. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó mú un padà lọ bẹ ọ̀gá.

Èrò ti kún ẹnu géètì. Ìyá Ìgalà ló wà níwájú, ó fa àbúrò ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rántí èyí náà tí ẹ̀bùn mìíràn bá yọ.

Ìkookò ń fi igi tayín. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ àárọ̀ tọ̀ ọ́ wá, ọkọ ní kó gbé e padà.

"Mi ò lè fẹnu kan nǹkankan," ló wí. "Mo ṣì yó láti àná."

Ẹtu gbọ́. Ẹ̀rù bà á gan-an, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ìyá yòókù ló ń wò ó. Ó fa Tinúadé mọ́ra, ó sì tò sẹ́yìn wọn.