Ọjọ́ Tí Omi Ẹ̀gẹ́ Mi Dà sí Alága Káńsù Lórí

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi ìlú wa, títí wọn ó fi gbé mi sin, kò ní kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tó kù ń rántí bí omi ṣe tú yàà. Èmi, òórùn ni mò ń rántí. Bí ẹ bá sì rò pé ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, òótọ́ ni, ó ń tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi ju bí ojú ṣe ń tì mí lọ. Ẹ jókòó kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, torí oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà sọ ọ́ káàkiri dé Ìjù-Odò, kò sì sí èyí tí wọn ò fi iyọ̀ sí.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, káńsù sì ní àwọn fẹ́ ṣe ìlú wa lóore, wọ́n ní ẹ̀rọ omi ń bọ̀. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Odò tí à ń pọn jìnnà, ọ̀nà rẹ̀ sì ń yọ̀ bíi ọbẹ̀ ilá. Mo wà lára àwọn obìnrin tó jó lọ́jọ́ tí àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀ dé. Mi ò mọ̀ pé orí ara mi ni mò ń jó lé. Oko ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní, lẹ́yìn iléèwé, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ebè rẹ̀, àárín rẹ̀ gan-an ni wọ́n na okùn gbà.

Mo sáré débẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀gẹ́ mi rèé o!"

Olórí wọn ní, "Ìyá, ìlọsíwájú ni."

Mo ní, "Ìlọsíwájú ta ni?" Ó ti kẹ̀yìn sí mi, ó ń bá àwọn tó di ọkọ́ mú sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n hu gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, torí àwọn ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá mọ ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé òun náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá ti kúrò nílẹ̀, tí ẹ ò tètè rẹ ẹ́, jíjẹrà ló kù. Púpurú sì ni oúnjẹ wa nílẹ̀ Ìkálẹ̀. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi títí á fi kan, a ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó mọ ọ́n ní rìbìtì, a ó wá gbé e ka orí àjà kí iná àti èéfín gbẹ ẹ́. Oúnjẹ tí ilé wa máa jẹ di ọdún tó ń bọ̀, pẹ̀lú èyí tí n óò gbé lọ sọ́jà Òkìtìpupa, ni káńsù mú kí n hu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn. Èmi àti ìyá ọkọ mi bó ẹ̀gẹ́ títí ọwọ́ àwa náà fi fẹ́ bó. Ìkòkò kún, àmù kún, àní a rẹ ẹ́ sínú bàsíà tí mo fi ń wẹ ọmọ. A tò wọ́n síwájú ilé lọ rẹrẹẹrẹ. Ọmọ mi ò wẹ̀ dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

Ìgbà náà ni wolé-wolé dé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ wolé-wolé. Káńsù ló ń rán an láti máa yẹ ilé onílé wò bóyá ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Kákí lòun ń wọ̀, àkẹtẹ̀ líle lórí, ọ̀pá gígùn lọ́wọ́ tó fi ń ro inú àmù kiri bóyá á rí tanwíji, bàtà ńlá onírin nídìí tó fi okùn dì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Ọkùnrin tó ń fọwọ́ mú ejò á rí i lókèèrè, á gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ.

Ó fi ọwọ́ dí imú. "Ta ló ni òórùn yìí?"

Mo ní, "Ẹ̀gẹ́ ló ni òórùn, ọ̀gá. Èmi ni mo ni ẹ̀gẹ́."

"Alága káńsù ń bọ̀ wá ṣí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú àwọn àlejò ńlá ńlá. Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ irú òórùn báyìí. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù."

"Kí n da kí ni nù?"

"Bí mo bá padà dé lọ́la tí mo bá ìkòkò kan níta, ẹsẹ̀ ni n óò fi tì í ṣubú. Sàmáńsì kóòtù á sì tẹ̀ lé e."

"Ọ̀gá, káńsù yín ló ní kí n hu ú!"

Ó ní, "Àwọn oníkòtò nìyẹn. Ẹ̀ka tiwa yàtọ̀." Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Háà! Inú bí mi débi pé mo ń sọ̀rọ̀ sí ìkòkò. Ọkọ mi, onísùúrù èèyàn, tó jẹ́ pé bí ẹ gba ibùsùn lọ́wọ́ rẹ̀ á ní kí ẹ gba ìrọ̀rí sí i, ó ní, "Ìyàwó mi, ìjọba ni o. A kì í bá ìjọba jà." Mo bi í bóyá ìjọba ló máa se oúnjẹ alẹ́ fún un láti ìsinsìnyí lọ. Mo ní ẹ̀gẹ́ mi ò ní dà nù, kí ẹni tó bá láyà wá dà á.

Ìyá ọkọ mi ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Àgbà obìnrin ni nínú ìjọ Aládùúrà wa, bó bá sì ti ń dákẹ́ báyẹn, ẹ ṣọ́ra. Ó ní, "Ìyàwó, ibì kan wà nílùú yìí tí wolé-wolé kì í ti ọ̀pá bọ nǹkan."

"Níbo, Mààmá?"

"Ilẹ̀ àánú."

Ilẹ̀ àánú ni àgbàlá tó wà lẹ́yìn ìjọ wa, níbi tí ìkòkò omi tí Wòlíì ti gbàdúrà sí máa ń wà, aṣọ funfun á bo orí wọn. Àyàfi Wòlíì àti Bùọ̀dá Sámúẹ́lì tó ń tọ́jú omi náà, kò sẹ́ni tó ń ṣí wọn. Wolé-wolé fúnra rẹ̀ máa ń wá síbẹ̀ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń gba omi. Mo ní, "Mààmá, ṣé kò ní jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀?" Ó ní, "Bíbélì ní ìlú ààbò wà fún ẹni tí wọ́n ń lé. Kò ní èèyàn nìkan ló wà fún." Mi ò tíì rí ibi tí Bíbélì ti dárúkọ ẹ̀gẹ́ títí dòní, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí létí.

Ní ọjọ́rú, láàárọ̀, àwa méjèèjì wọ aṣọ funfun ìjọ, a da aṣọ funfun bo àwọn ìkòkò, a gbé e rù, a ń lọ a ń bọ̀, a ń kọrin ẹ̀mí. Àwọn ará ọ̀nà ń kí wa, "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o!" Omi kíkan ń sun wọ ọrùn mi lọ sí ẹ̀yìn, mò ń dáhùn pé "Hàlelúyà." Ta la tún máa pàdé ní orígun ọjà? Wolé-wolé! Ọkùnrin yìí sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó ṣí àkẹtẹ̀, ó tẹrí ba fún ẹ̀gẹ́ mi.

Ó ní, "Ẹ rántí mi nínú àdúrà o, ẹ̀yin ìyá."

Ìyá ọkọ mi ní, "A ò ní gbàgbé rẹ."

Ohun tí a jọ pinnu ni pé kí Sátidé tó pé, ẹ̀gẹ́ á ti kan, a ó ti fún un, á ti wà lórí àjà. Mààmá ní kí n to tiwa sí ìpẹ̀kun àgbàlá, lẹ́yìn ti ìjọ. Ọrùn ń dùn mí. Mo to wọ́n sí iwájú, mo ní bákan náà ni gbogbo aṣọ funfun rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, akódà káńsù dé pẹ̀lú agogo. Ó ń kéde pé Alága ti ní ibòmíràn tó ń lọ ní Sátidé. Ọ̀la ni yóò wá ṣí ẹ̀rọ omi. Ọ̀la! Gbogbo ìlú ń sá sókè sódò, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà. Èmi fọkàn balẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa sáré, ẹ̀gẹ́ mi wà nílé Olúwa.

Ilẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ iléèwé ti to sí ìlà, wọ́n ń kọrin. Ẹ̀rọ omi dúró lórí sìmẹ́ńtì tuntun, wọ́n so rìbọ́nì pupa mọ́ ọn. Alága wọ agbádá funfun báláú, òun pẹ̀lú fìlà rẹ̀. Wọ́n ní kí Wòlíì ìjọ wa gbàdúrà, kó sì wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí ẹ̀rọ náà àti sí ẹni tó máa ṣí i. Inú mi ń dùn, mò ń pàtẹ́wọ́. Atẹ́gùn kan wá fẹ́.

Mo mọ òórùn ẹ̀gẹ́ mi bí ẹ ṣe mọ ohùn ọmọ yín. Mo wẹ̀yìn, Bùọ̀dá Sámúẹ́lì ló ń bọ̀, ó gbé korobá sókè bí ẹni gbé ọba, ó ń sín. Ọ̀fìnkìn ti dí imú rẹ̀ pa látọjọ́ Àìkú. Ìkòkò tó kọ́kọ́ bá lábẹ́ aṣọ funfun ló bù nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ sáré lọ bá a, èrò ò jẹ́. Ọlọ́pàá káńsù kan na ọwọ́ sí mi láyà pé kí n dúró síbi tí mo wà. Kí ni kí n ṣe? Nínú ìjọ wa, ẹni tí ẹ̀mí bá gbé, ọ̀nà ni gbogbo èèyàn ń yà fún un. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo pariwo "Yàà!" mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, mo ju gèlè nù, mo ń yí gbirigbiri. Ọ̀nà là lóòótọ́. Mo dé iwájú, mo ya ẹnu láti sọ pé Olúwa ní kí wọ́n da omi yẹn nù. Ohun kan ni mo gbàgbé: ẹni tí ẹ̀mí bá gbé, omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ́n sí i. Bùọ̀dá Sámúẹ́lì bu ife kan, ó dà á lu ojú mi. Ẹnu mi sì ya sílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, omi ẹ̀gẹ́ ọjọ́ karùn-ún! Ó wọ ọ̀fun mi, ó gba imú jáde. Mò ń hukọ́, mò ń fọwọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Wòlíì tó di ojú, tí èéfín tùràrí bò ó nímú, ní, "Ẹ̀mí ti sọ̀ kalẹ̀! Ẹ gbé omi náà wá!" Ó dà á sí Alága lórí ní orúkọ Baba, ó dà á ní ti Ọmọ, ó wá fi èyí tó kù nínú korobá parí rẹ̀.

Fìlà Alága ti lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀, okùn ẹ̀gẹ́ kan rọ̀ sí i létí. Ó gbé apá agbádá rẹ̀ sí imú.

Ó ní, "Omi ẹ̀gẹ́ rèé. Púpurú ni ìyá mi fi tọ́ mi ní Àjàgbà, ẹ ò lè tàn mí. Ta ló ni ín?"

Wolé-wolé ti gbá aṣọ Bùọ̀dá Sámúẹ́lì mú lọ́rùn, ó ń mì í bí igi àgbálùmọ̀. Ọkùnrin náà ń sín, ó ń sunkún. Èmi ìbá jókòó síbẹ̀ kí n máa ṣe bí ẹni tí ẹ̀mí gbé, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n inú bí mi. Mo dìde, mo nu ojú.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ni ẹ̀gẹ́."

"Ìwọ?" Wolé-wolé wo aṣọ funfun mi. Mo rí i tó ń rántí ibi tó ti tẹrí ba.

"Èmi ni. Alága, ẹ má bínú sí aṣọ yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Ẹ gbẹ́ kòtò gba inú oko mi, ẹ ò bi mí. Ẹ ní kí n hu ẹ̀gẹ́ mi, mo hu ú. Ẹ tún ní kí n dà á nù torí ẹ̀ ń bọ̀. Ṣé ẹ̀rọ omi yín ni àwọn ọmọ mi máa jẹ? Mi ò dà á nù, mi ò sì ní dà á nù. Ẹ kọ sàmáńsì yín wá!"

Àwọn obìnrin hó yèè. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀ bóyá á là kó wọlẹ̀ lọ.

Alága já rìbọ́nì náà, ó yí ẹ̀rọ, ó tẹrí sábẹ̀. Orí Alága ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ ìlú wa fọ̀.

Wolé-wolé ti forí lé ilẹ̀ àánú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní ìkòkò kan ò ní ṣẹ́ kù. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Ó ku díẹ̀ kó wọlé ni Wòlíì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàtà." Nítorí ẹnì kankan kì í wọ bàtà tẹ ilẹ̀ àánú, ìbáà jẹ́ ọba. Wolé-wolé jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí tú okùn. Ó tú u, ó tú u, ó fa bàtà kan yọ. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti ya, gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló yọjú síta wá kí wa. Ìyá ọkọ mi ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ." Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ dé odò. Ọkùnrin náà ti ẹsẹ̀ bọ bàtà padà, ó gun kẹ̀kẹ́, okùn bàtà ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé e. Kí ó tó yí ọkàn padà, a ti fún ẹ̀gẹ́ mi tán.

Sàmáńsì ò dé. Ààwẹ̀ ló dé. Wòlíì fi ààwẹ̀ gbígbẹ lé mi lórí nítorí ẹ̀mí tí kò gbé mi, ìyẹn tọ́ sí mi, mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ebi ń pa mí, púpurú sì kún àjà, ẹ wo irú ayé. Ibẹ̀ ni mo ti rò ó tí mo rí ẹ̀kọ́ mi. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe pé kí n bẹ̀rù káńsù. Ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kí n má tún fi pamọ́ bí ẹrù olè. Ká ní mo jókòó ti ìkòkò mi níwájú ilé mi, kí n ní kí wolé-wolé gbé ẹsẹ̀ kí n rí i, omi ẹ̀gẹ́ kì bá tí kan ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn kejì tó wọlé, ẹ̀rọ omi náà ti dákẹ́. A padà sí odò. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó mọ́, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ṣe é fún ẹ̀gẹ́. Orí rẹ̀ ni mo máa ń to àpò ẹ̀gẹ́ mi sí, n óò gbé òkúta lé e kó fún omi rẹ̀ jáde, lójú ọ̀sán gangan, láàárín ìlú. Lọ́jọ́ kan wolé-wolé ń kọjá, ó dúró, ó wo àpò, ó wo mí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó dé ibẹ̀ o."

Ó gbé ẹsẹ̀ náà padà. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá." Èmi náà dá a lóhùn dáadáa. Ìgbà tó lọ tán ni mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ya ẹnu púpọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kí ń ya ẹnu púpọ̀ mọ́ tí omi ẹ̀gẹ́ bá wà nítòsí.