Purofẹ́sọ̀ àti Ìlú Tí Kò Kọ́

Ẹ bá mi kí Purofẹ́sọ̀ o. Bí ẹ ò bá kí i, á kí ara ẹ̀.

Purofẹ́sọ̀ kò dé ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan rí, àfi èyí tó ń gba iwájú ẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́. Òun ló fún ara ẹ̀ lóyè, òun ló kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe, òun náà ló ń bínú bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé ẹ̀. Ọkọ sukurudíráfà! A-tú-u-má-lè-tò-ó-padà! Béèrè aago mélòó ló lù lọ́wọ́ ẹ̀, iye géèmù tó ní ló máa fi dá ẹ lóhùn.

"Irínwó ó lé méjìlá," ni yóò wí. "Owó mi ni mo fi ra gbogbo ẹ̀ pátá."

Irọ́ ni o. Méjìlá yẹn ló rà.

Bí irínwó ṣe dé ọwọ́ ẹ̀ nìyí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ géèmù kan láyé ọjọ́un kéde pé àwọn fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pa. Ẹni tó bá ti ra géèmù níbẹ̀, tí ẹ̀rọ ẹ̀ bá wá kú lẹ́yìn náà, ó dìgbóṣe nìyẹn. Ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà ohun tí wọ́n rà sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè máa fi ètò kan tó ń jẹ́ ẹmulétọ̀ ṣí i. Iṣẹ́ ẹmulétọ̀ ò ju pé kó tan kọ̀ǹpútà títí kọ̀ǹpútà á fi gbà pé ẹ̀rọ géèmù lòun. Purofẹ́sọ̀ fẹ́ràn ẹmulétọ̀ gan-an. Ìwà wọn jọra.

"Ẹ gbé e wá!" ló ń pariwo fún àwọn oníbàárà. "Màá bá yín ṣe ẹ̀dà ẹ̀."

Wọ́n ń gbé e wá. Bó bá ti ṣe ọ̀kan fún wọn, á ṣe ọ̀kan fún ara ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kánjúwà àti olè, ọgbọọgba ni wọ́n jẹ́. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì pàdé Purofẹ́sọ̀; òun fi orí kan ga ju àwọn méjèèjì lọ.

Lọ́jọ́ kan, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí tiẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Télọ̀, gbé ẹ̀rọ kan wá, ó fi àjákù aṣọ dì í. Ẹ̀rọ àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ni, tó ṣàìsàn kú lọ́dún tó kọjá. Géèmù kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú. Ọdún mẹ́fà gbáko ni àbúrò fi kọ́ ìlú yẹn lórí ibùsùn, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa géèmù," ni Màmá Télọ̀ wí. "Àmọ́ ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe tó kù sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ náà ń gbóná, ó ń kú fúnra ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Purofẹ́sọ̀, ẹ má jẹ́ kó parẹ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìyẹn ò tó iṣẹ́ lójú mi."

Ó ṣe ẹ̀dà ẹ̀, ó ṣí i, ẹnu ẹ̀ ò sì lè padé mọ́. Odò, afárá, ojú irin, ilé lọ súà! Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an sì ni Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Géèmù, tí Purofẹ́sọ̀ wà nínú ẹ̀, fẹ́ yan alága tuntun. Ẹni tí ohun tó tọ́jú bá dára jù ni wọ́n máa mú. Òfin wọn ò ju ẹyọ kan lọ: ohun tó o fowó ara ẹ rà nìkan ni kó o gbé wá.

Ni Purofẹ́sọ̀ bá pa orúkọ olóògbé rẹ́ lójú ewé àkọ́kọ́, ó fi tiẹ̀ síbẹ̀. Ó pa èyí tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ́ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kejì, ó fajú ro.

"Màmá Télọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ó ti parẹ́. Mo sa gbogbo ipá mi."

Obìnrin náà jókòó sórí àga oníbàárà, ó sunkún débi pé Purofẹ́sọ̀ na àkísà tó fi ń nu eruku ẹ̀rọ sí i. Ẹ wo ọ̀làwọ́! Ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kó dákẹ́, òun ń palẹ̀ oyè mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn kún, wọ́n gbé gàgàrà amóhùnmáwòrán síwájú. Purofẹ́sọ̀ wọ kóòtù tó ṣe é bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yàwòrán ẹ̀ sára owó. Bó ṣe bojú wẹ̀yìn, ó rí Màmá Télọ̀ tó gbé ẹ̀rọ sórí itan. Obìnrin náà wá bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bóyá wọ́n mọ ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí i. Àyà Purofẹ́sọ̀ já lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ló mọ̀? Abẹ́rẹ́ àti òwú ló mọ̀.

Ó ṣí ìlú náà bó ṣe rí láti òkè. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ọdún mẹ́fà!" ni Purofẹ́sọ̀ wí. "Ilé kan ò sí níbẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló kọ́ ọ."

Alága tó fẹ́ gbé ipò sílẹ̀, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, mi orí. "Ó dáa gan-an. Ẹ sọ̀ wá kalẹ̀ ká rìn nínú ẹ̀."

"Ká rìn báwo?"

"Ẹ tẹ bọ́tìnì òkè lápá ọ̀tún. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ?"

Ọ̀rọ̀ dé ibi tó ń lọ. Ọdún mọ́kànlá tí Purofẹ́sọ̀ ti ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe, kò gbá géèmù kankan rí. Òkè nìkan ló ti wo ìlú yìí; kò mọ̀ pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn nínú ẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, gbì, wọ́n bọ́ sáàárín títì. Pátákó kékeré wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ bá wa kà á," ni ẹnìkan wí.

Purofẹ́sọ̀ sì fẹ́ràn ohùn ara ẹ̀. Ó ti ń kà á kí ọgbọ́n tó bá a: "'Ilé Màmá Télọ̀, ẹ̀gbọ́n mi àtàtà. Yàrá mẹ́ta, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì. Ẹ kan ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó wọlé o.'"

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Màmá Télọ̀ dìde dúró.

"Ẹ̀gbọ́n yín ni Màmá Télọ̀?" ni alága béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n… ẹ̀gbọ́n gbogbo àdúgbò ni wọ́n."

Ó ti páádì tó fi ń darí géèmù síwájú kíkankíkan kó lè kúrò níbẹ̀. Ó sá gba títì kejì, ó lọ fẹsẹ̀ kọlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n kùn bíi tiẹ̀ gẹ́lẹ́. Pátákó ibẹ̀ tóbi.

"Ẹ kà á."

"Ojú ń dùn mí díẹ̀—"

"Ẹ kà á, Purofẹ́sọ̀."

Ó kà á, ohùn ẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń lọ. "'Ṣọ́ọ̀bù Purofẹ́sọ̀. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ ṣọ́ra. Mo fi ẹ̀rọ mi ránṣẹ́ síbí kó bá mi nu eruku inú ẹ̀. Fáànù méjì ló bá níbẹ̀, ẹyọ kan ló dá padà. Látọjọ́ náà ló ti ń gbóná.'"

Ẹ̀rín bú, àga ń ṣubú. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà ẹ̀ ń kígbe pé kó ṣí irínwó yòókù náà, òun fẹ́ wá tòun níbẹ̀.

Màmá Télọ̀ rìn wá síwájú, kò yára. Ẹ̀rín rọlẹ̀.

"Ẹ ní ó ti parẹ́."

"Màmá, mo… mo ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ni."

"Mo sunkún lójú yín. Ẹ fún mi lákìísà."

Alága mú kọ̀ǹpútà ara ẹ̀ jáde, ó ní kí Purofẹ́sọ̀ ṣe ẹ̀dà ìlú náà sínú ẹ̀ fún olóhun nísinsìnyí, níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kó sì pa tiẹ̀ rẹ́. Ìlú ọdún mẹ́fà kì í ṣe kékeré. Ogójì ìṣẹ́jú ló gbà. Kò sẹ́ni tó fún Purofẹ́sọ̀ níjòókòó. Àwọn èèyàn ò sì lọ sílé. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò ó. Màmá Télọ̀ wà nílà iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú ẹ̀, kò gbójú kúrò lára pátákó Ṣọ́ọ̀bù Purofẹ́sọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ̀dà náà parí, ó nawọ́ sókè.

"Purofẹ́sọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ dáadáa."

Ó tún un kà.