Ta Ló Dáhùn Àgò Nílé Olúbọ̀dé?

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, n ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi sí ọ̀nà Wásinmi yìí. Mo kàn yà síbẹ̀ láti kí Baálẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ni, n ò sì rí ibi jókòó. Gbogbo abúlé ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n fi oko sílẹ̀ fún ọ̀bọ.

Herbert Olúbọ̀dé ló pẹjọ́. Akọ̀wé ni, ọmọ abúlé wa tó ti di ará Abẹ́òkúta, ó de táì mọ́rùn nínú ooru. Mùsílíù àgbẹ̀ ló pè lẹ́jọ́, ẹni tí ilé ẹ̀ kọjú sí ilé ìyá Herbert tó ti di ahoro.

"Herbert, kí ló dé?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Kábíyèsí, mò ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìbarà. Mo ní kí n wó ilé ìyá mi tó wà níbí, kí n tú ilẹ̀kùn àti pákó ẹ̀ lọ. Mo rán káfíńtà wá. Ó kágò. Ìyá mi sì dá a lóhùn!"

"Ìyá rẹ tó kú?"

"Ìyá mi tó kú kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀, sà!"

Ọ̀tún Baálẹ̀ tó ti ń tòògbé lájú pátápátá.

"Ní báyìí, kò sí káfíńtà kan ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá tó fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé náà sétí. Mo wádìí ẹ̀ délẹ̀. Mùsílíù ni! Ó ń wọ ilé onílé, ó ń fi ohùn ìyá mi dáhùn."

Mùsílíù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Òótọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n n ò wọ ibẹ̀ láìgbàyè rí. Mo máa ń kágò."

"Nílé tí kò séèyàn? Ta ló ń dá ọ lóhùn?"

"Èmi náà ni."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, bàbá. Ewúrẹ́ ló ń wọlé tí kì í kágò, èmi kì í ṣe ewúrẹ́. Bí mo bá sì kágò tán tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ṣé kí n kàn dúró síta títí ni? Ni mo bá ń dá ara mi lóhùn. Ohùn tèmi ò wá bá ilé yẹn mu, ni mo bá ń lo ti onílé."

"Kí lò ń wá níbẹ̀ gan-an?"

"Ìbànújẹ́ ni, bàbá."

"Kí lo wí?"

"Ìbànújẹ́ ibẹ̀ dùn. Koríko ti hù nínú ìdáná, alángbá ń sáré lórí àjà, oòrùn ń gba ibi tí òrùlé ti ṣí wọlé. Bí mo bá ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, omi á bọ́ lójú mi. Bí mo bá máa fi dìde, ara mi á ti fúyẹ́. N ò rí irú ẹ̀ rí nílé tó ní páànù."

Herbert fò sókè. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ! Ó ń sunkún nílé ìyá mi láìgbàṣẹ! Bí ẹkún bá wà níbẹ̀, ogún tèmi ni!"

"O ò wá sun ún," ni Mùsílíù wí. "Mo rí i pé ó ń ṣòfò."

Wọ́n pe Bándélé káfíńtà kó wá jẹ́rìí. Ó fẹ àyà.

"Kábíyèsí, ẹ̀rù ò bà mí rárá. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ìyá yẹn, mo dúró bí ọkùnrin."

Ọ̀tún bi í pé: "Òòlù rẹ dà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ayùn rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Fìlà rẹ?"

"Bàbá, èmi dúró. Ẹsẹ̀ mi ló sá."

Bùsírátù, ìyàwó Mùsílíù, ti dìde kí wọ́n tó pè é. "Ẹ̀yin bàbá, irọ́ lọkọ mi ń pa! Kì í sunkún kankan níbẹ̀. Oorun ló ń sùn. Ìdáná mi ni mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun. Ilé ahoro ló ń kágò fún, ilé tèmi, ṣe ló ń já wọ̀ ọ́ bí ẹṣin!"

"Nítorí náà, kì í sunkún?"

"Kì í sunkún, bàbá. Àfi ọjọ́ tí mo bá bá a lọ. Èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ sú Baálẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. "Mùsílíù, jẹ́ ká gbọ́ ohùn yìí fúnra wa. Ó yá, èmi ni mo dé ẹnu ọ̀nà. Àgò o!"

Mùsílíù tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Àgò yà! Ta nìyẹn? Bọ́ bàtà ẹ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni."

Yéè! Ìyá yẹn gan-an ni. Gbogbo ààfin bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀tún ń fọwọ́ gbá itan. Ṣùgbọ́n Herbert ni mò ń wò ní tèmi. Ó ti tẹ̀ síwájú, ó ń tú okùn bàtà. Ó ti bọ́ méjèèjì kó tó rántí pé ààfin lòun wà.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa.

"Kí ló dé tóo fi ń ṣe mí báyìí, Mùsílíù?" Ohùn ẹ̀ ti yí padà.

"Herbert, mi ò mọ ìyá tó bí mi. Inú àwo kan náà lèmi àtìẹ ti jẹun nílé yẹn. Nígbà tí ara ìyá ò le mọ́, bó bá ti gbọ́ ìró lọ́rì tó ń ti Abẹ́òkúta bọ̀, á ní, 'Àgò yà.' Kò sì sẹ́ni tó kágò. Bóo bá wó ilé yẹn, ibo ni n ó ti máa gbọ́ ọ?"

Ojú tì mí fún Herbert, kí n má purọ́.

Baálẹ̀ gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ sókè. "Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ilé, ti Herbert ni. Àgò ibẹ̀, ti Mùsílíù ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan pákó kankan níbẹ̀ láìkágò, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé wọ́n dá a lóhùn. Herbert, ní gbogbo Sátidé ni wàá máa wá kágò."

"Nílé ìyá tèmi, sà?"

"Ẹni tó pẹ́ lájò, àlejò ni. Lọ́jọ́ tóo bá kágò tí o ò gbọ́ èsì mọ́, ọjọ́ yẹn ni ilé kú, kóo wá kó pákó ẹ. Bándélé, lọ kó irinṣẹ́ rẹ."

"Ṣé kí n kágò, bàbá?"

"Kóo kágò dáadáa! Mùsílíù, ìwọ náà yóò máa kágò fún Bùsírátù. Bí kò bá dáhùn, ìta ni kóo sùn."

"Mo ti ń yadi lọ nìyẹn!" ni Bùsírátù wí.

Wọ́n tú ká. Mo rí Herbert lẹ́yìn ọgbà, ó gbé bàtà lọ́wọ́, ó ń sáré tẹ̀ lé Mùsílíù nínú eruku.

"Mùsílíù! Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàtà yẹn, nǹkan kan kù tí ìyá mi máa ń sọ. Mo ti gbàgbé ẹ̀. Jọ̀ọ́, kí ni?"

Mùsílíù bojú wẹ̀yìn.

"Wá ní Sátidé," ló wí. "Kóo kágò ná."