Ọ̀rá Ràkúnmí Lára Àlàmú

Ta ló lè sọ fún mi, ohun tó mú kí àwọn àgbà Kíṣí máa pa á lówe pé, "Ọmọ tó kọ oúnjẹ, ẹ fi ọ̀rá ọbẹ̀ pa á lára"? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó nídìí.

Ìyàwó kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ṣìfáwù. Àlàmú, àkọ́bí rẹ̀, ti hu eyín méjì, síbẹ̀ bó bá ti rí ṣíbí ẹ̀kọ, ẹnu á pa dé pinpin. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mọ bí àyà ṣe máa ń já. Ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pé: "Mò ń bọ̀ lọ́la. Bí ọmọ yẹn ò bá jẹun lójú mi, mò ń gbé e lọ sóko nìyẹn."

Ọyẹ́ ọdún náà le, ara Àlàmú ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Lásísì, ọkọ Ṣìfáwù, bá ra iké ràkúnmí lọ́dọ̀ alápatà, nítorí ọ̀rá inú rẹ̀ dùn lọ́bẹ̀, ó sì dára fún ara tó gbẹ. Ó yọ́ ọ sí abọ́ méjì. Ó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà dín ti ọbẹ̀, ó fi ti ìpara sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òtútù ti mú kí méjèèjì dì, wọ́n funfun bákan náà.

Ẹ ti mọ abọ́ tí Ṣìfáwù gbé.

Ó fi pa ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ológbò ló kọ́kọ́ dé, ó ń lá ọmọ lẹ́sẹ̀. Ajá aládùúgbò tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ Ṣìfáwù, wọlé, ó gba ọmọ, ó pọ̀n ọ́n.

"Ìyàwó, kí lò ń dín?"

"Mi ò tíì dáná, Mà."

"Irọ́! Ojú mi ló darúgbó, kì í ṣe imú mi."

Ó wọ ilé ìdáná, kò rí nǹkan kan. Ó wọ yàrá, òórùn ń bá a lọ. Ó yí ilé po, ajá àti ológbò tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń sin ìyàwó.

Lásísì ní, "Màmá, ẹ̀yìn yín ló ń ta sánsán!"

Wọ́n sọ ọmọ kalẹ̀. Àlàmú ti ki ìkúùkù bọ ẹnu. Ó lá ọwọ́, ó lá apá, ó wá ń wá ìgúnpá tí ẹnu rẹ̀ ò dé. Ló bá bú sẹ́kún.

Ṣìfáwù gbé abọ́ ọ̀rá ọbẹ̀ tó fi pa ọmọ lára. Ó bu ọ̀rá náà díẹ̀ sínú ẹ̀kọ gbígbóná, ó rò ó, ó fẹ́ ẹ, ó na ṣíbí. Ẹnu là. Ó tún là. Ọmọ jẹ ẹ́ tán, ó di abọ́ mú, kò fi sílẹ̀.

Omijé ń bọ́ lójú Ṣìfáwù. Ìyá Àgbà fi etí ìró rẹ̀ nù ún. "Ó tó, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò wà." Ó wo ọwọ́ tó fi gbé ọmọ, ó yọ́ ọ lá, ó mí kanlẹ̀. "Lásísì, ìwọ náà kọ oúnjẹ nígbà tó o wà lọ́mọdé. Ìyà tó o fi jẹ mí! Ká ní mo ti gbọ́n ni: ọmọ tó kọ oúnjẹ, ẹ fi ọ̀rá ọbẹ̀ pa á lára!"