Àṣàbí Lábẹ́ Àga Ìyá Onílé

Eyín mi ì báà tán lẹ́nu, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kan ní Mowé kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni wọ́n gbàdúrà lé mi lórí nítorí ológbò.

Àṣàbí ni mo sọ ológbò náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Eku ló fà á. Igbó ló yí ilé wa ká, eku jẹ gàrí mi, ó jẹ wáyà tẹlifíṣọ̀n, ó tún wá jẹ etí bùbá tí mo fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ní ẹ̀rọ ìrẹsì ní Ọ̀fàdà ló fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn ológbò tó ń ṣọ́ àpò ìrẹsì rẹ̀. Ojú ìyá onílé wa le. Ó ní, "Sísítà, ológbò kì í ṣe ẹran ilé onígbàgbọ́. Inú yàrá rẹ ni kó wà. Ọjọ́ tí mo bá rí i níta, Ọ̀fàdà ló ń padà sí."

Ní Sọ́ńdè yẹn, mo gbé omi wọlé, mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Kí n tó yíjú padà, Àṣàbí ti lọ. Mi ò lè pariwo orúkọ rẹ̀, kí ìyá onílé má baà gbọ́. Mo mú orí ẹja pánlá kan dání, mo ń yọ́ kiri ọgbà bí olè, mo ń rọra sọ pé, "Àṣàbí, wá jẹ ẹja." Mo wo ẹ̀yìn tánkì, mo wo abẹ́ mọ́tò. Ojú fèrèsé pálọ̀ ìyá onílé ni mo ti wá rí ìrù rẹ̀ lábẹ́ àga. Wọ́n sì ń ṣe ìpàdé àdúrà lọ́wọ́ nínú pálọ̀ náà, èèyàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

"Sísítà, wọlé! Olúwa ló rán ẹ wá," ni ìyá onílé wí.

Mo fi ẹja pamọ́ sábẹ́ ìborùn, mo wọlé. Bí wọ́n ṣe ní ká dìjú báyìí, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rápálá láti ìdí àga kan dé òmíràn. Mo nawọ́, Àṣàbí sún sẹ́yìn. Nígbà tí mo rò ó pé wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ mi, ẹkún gbọ̀n mí lóòótọ́.

Ohun tó kó bá mi nìyẹn. Ẹ mọ̀ wá: obìnrin tó bá ń rápálá nínú ìpàdé àdúrà, tó sì ń sunkún, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló sọnù.

"Ẹ yí i ká! Ẹ̀mí kan ń yọ ọ́ lẹ́nu!" Bàbá kan tó wá láti Ìbàfò ló ké bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ rẹpẹtẹ bà lé orí mi. Wọ́n ń mì mí bí ẹni ń mi ìgò oògùn. "Jáde! Jáde lára rẹ̀!" Ẹnì kan tiẹ̀ ní òun ń gbọ́ òórùn ẹ̀mí àìmọ́. Pánlá mi ni. Ibẹ̀ ni orí ẹja ti já bọ́, Àṣàbí tó ti kọ etí ikún sí mi sì fò jáde, ó bà lé àyà mi.

Gbogbo ojú là. "Ó ti jáde! Ó ti jáde o!" Àga ṣubú. Bàbá Ìbàfò ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá onílé nìkan ni kò sá, ó ń nàka sí mi.

"Sísítà, kí lèyí?"

Ó rọrùn kí n ní mi ò mọ̀ ọ́n rí. Wọn ì bá gbà mí gbọ́, wọn ì bá tún bá mi yọ̀. Àmọ́ Àṣàbí ti ki orí bọ abíyá mi, ó ń gbọ̀n. Inú bí mi, mo dìde.

"Ẹ má bínú mà, ológbò mi ni. Kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀. Bó bá máa padà sí Ọ̀fàdà, àwa méjèèjì la jọ ń lọ, kí ẹ wá ẹlòmíì tó máa bá eku gbé yàrá yẹn."

Ó gbé àga kan tó ṣubú dìde. "Jókòó, ká parí àdúrà," ló wí. "Ṣùgbọ́n gbé ẹja yẹn síta."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ohun téèyàn bá fẹ́ràn, kó máa pariwo wá a. Ká ní mo ti ké "Àṣàbí!" láàárín ọgbà ni, ọrùn mi ì bá má wọ́ níbi tí wọ́n ti ń mì mí. Bàbá Ìbàfò ṣì ń jẹ́rìí kiri nípa ológbò tí òun lé jáde lára obìnrin kan ní Mowé. Ó tún jẹ́rìí náà níwájú mi nílé ìyá onílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé Àṣàbí lé itan, mo rẹ́rìn-ín, mo sì ṣe àmín tó rinlẹ̀ jù lọ nínú pálọ̀.