Ọkọ̀ Tó Di Pàǹtí Lọ́jọ́ Ìpín Ogún

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ọkùnrin mẹ́fà ló tì í. Ọkọ̀ olóògbé kan ni, aláwọ̀ ewé, ó sì dàgbà ju ìdajì àwọn ìjòyè tó jókòó ní àgbàlá lọ. Ọmọ méjì ni olóògbé fi sílẹ̀. Àbúrò, tó jẹ́ aránṣọ, ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́jọ́.

"Baálẹ̀, lọ́jọ́ tí a pín ogún, ẹ̀gbọ́n mi ní pàǹtí ni ọkọ̀ yìí. Wọ́n ní torí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí mi, àwọn á bá mi gbé pàǹtí náà kúrò nílẹ̀. Wọ́n wá fún mi ní agboòrùn bàbá wa."

"Agboòrùn náà ńkọ́?"

"Ó ń jò, Baálẹ̀."

Ìjòyè kan wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín.

"Ni mo bá gbọ́ pé wọ́n ti pe adíyelé wá wo ọkọ̀ náà torí inṣọ́ránsì. Wọ́n sọ fún un pé iye ilé mẹ́ta ni. Ọkọ̀ tí bàbá mi fi ń gbé mi lọ síléèwé, tí mo máa ń sùn sí lẹ́yìn. Ó dùn mí, kì í sì í ṣe torí ilé mẹ́ta."

Ẹ̀gbọ́n dìde. Aṣọ rẹ̀ ń dán, bàtà rẹ̀ ń dán.

"Baálẹ̀, mi ò purọ́. Lọ́jọ́ ogún, pàǹtí ni lóòótọ́. Ìgbà tí mo gbé e délé, tí mo fìfẹ́ tọ́jú ẹ̀, ló di ohun iyebíye."

"Ìfẹ́ náà pẹ́ tó?"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án, Baálẹ̀."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ti ọkùnrin yìí kò tiẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí rẹ̀, mẹkáníìkì.

"Lọ́jọ́ ogún, kí lo sọ nípa ẹ́ńjìnnì?"

"Mo ní ó ti kú."

"Kí lo wá sọ fún adíyelé?"

"Mo ní ó péye."

"Òkú ló péye?"

"Òkú tó péye wà, Baálẹ̀. Kò sí ohun tó dín lára ẹ̀ àyàfi ẹ̀mí."

"Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ méjèèjì?"

Mẹkáníìkì wo ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n wo sánmà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá sí ààfin yìí, mi ò tíì rí ẹni tí sánmà gbà là.

Ó kan adíyelé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mú ìwé àti tọ́ọ̀ṣì dání.

"Iye ilé mẹ́ta yẹn, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Baálẹ̀. Ojúlówó ọkọ̀ àtijọ́ ni, irú ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n."

"Kí lo máa ń wò?"

"Ọjọ́ orí ẹ̀. Bóyá wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan lára ẹ̀. Bóyá kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n fi bo irin tó ti dógùn-ún."

"Ó dáa. Dá iye lé ẹ̀gbọ́n yìí fún mi."

Adíyelé rò pé àwàdà ni, àmọ́ Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ló bá yí ẹ̀gbọ́n po lẹ́ẹ̀mejì, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ó kọ nǹkan sínú ìwé.

"Ọjọ́ orí wọ́n pé, Baálẹ̀. Ọ̀dà ara wọn ń dán. Inú ló ti dógùn-ún."

"Iye wọn ńkọ́?"

"Agboòrùn kan."

"Èyí tó ń jò àbí èyí tí kò jò?"

"Èyí tó ń jò."

Baálẹ̀ dájọ́.

"Ààfin kì í pe àgbà ní òpùrọ́, a gba ọ̀rọ̀ rẹ méjèèjì. O ní pàǹtí ni. Ẹni iyì kì í kó pàǹtí sílé, kí àbúrò rẹ gbé e. O tún ní ohun iyebíye ni. A kì í so okùn mọ́ ohun iyebíye fà, ọwọ́ ara rẹ ni wàá fi tì í délé àbúrò rẹ, ìwọ nìkan. Agboòrùn di tìrẹ."

"Baálẹ̀, orí òkè nilé ẹ̀ wà."

"Ìfẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án á ràn ọ́ lọ́wọ́."

Mẹkáníìkì ni wọ́n fi sídìí sítíárì, ẹni tó mọ òkú ni kó sin ín. Àbúrò wọ ẹ̀yìn, níbi tó máa ń sùn sí. Ẹ̀gbọ́n há agboòrùn mọ́ abíyá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀. Gbogbo wa tẹ̀lé wọn, a ò kúkú níṣẹ́ míì. Nígbà tí wọ́n gun òkè dé ìdajì, òjò dé. Àbúrò yọrí lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí òjò pa yín. Ẹ ṣí agboòrùn bàbá wa."